Ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ló ń tún ògiri iṣan kọ́: lórí fístúlà àti ìṣirò rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. A ka àlàyé tí ojú ìwé ìlera yín ṣe lórí fístúlà, ìyẹn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń so iṣan àlọ, èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ti ọkàn jáde, mọ́ iṣan àbọ̀, èyí tó ń dá a padà, ní apá ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, kí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lè rí ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ tó fà. Àlàyé náà gún régé títí ó fi kan ìdí tí iṣan fi ń tóbi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Níbẹ̀, ẹ ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ló ń fẹ̀ ẹ́, bí omi ṣe ń fẹ páìpù rọ́bà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kan aláìsàn, ó kan dókítà oníṣẹ́ abẹ, ó sì kan ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ìṣirò sọ tẹ́lẹ̀ bóyá fístúlà yóò gbó, ìyẹn kó fẹ̀ tó láti lò fún fífọ ẹ̀jẹ̀, tàbí kò ní gbó.

Páìpù rọ́bà tí omi fẹ̀ yóò padà sí bó ṣe wà bí omi bá dá. Iṣan tó ti gbó kì í padà bẹ́ẹ̀, nítorí pé kì í ṣe pé ó nà. Ó dàgbà ni. Ara ti kó ohun èlò tuntun sínú ògiri rẹ̀, ó ti wó lára èyí tó wà tẹ́lẹ̀, ó sì ti tún gbogbo rẹ̀ tò yí ihò tó fẹ̀ ju ti àtijọ́ ká. Ìṣàn ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ iṣẹ́ náà.

Ipá méjì ló ń kan ògiri iṣan. Èkínní ni ipá ìwọ́: bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn kọjá, ó ń wọ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ inú iṣan lọ síbi tó ń lọ. Ipá yìí kéré gan-an, nǹkan bíi 1 sí 2 Pascal (òṣùwọ̀n ipá lórí ojú kan) nínú iṣan àlọ tí kò ní àrùn. Èkejì ni ipá ìfà, èyí tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ń dá sílẹ̀ yíká ògiri. Òun lè tó 100,000 Pascal. Síbẹ̀, ipá kékeré yẹn ló ń pinnu bí ihò yóò ṣe fẹ̀ tó. Ipá ńlá ló ń pinnu bí ògiri yóò ṣe nípọn tó. Richard Thoma, onímọ̀ àrùn ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1893 pé ihò iṣan ń tẹ̀ lé ìṣàn, nínípọn ògiri sì ń tẹ̀ lé ipá ìfà. Ní 1980, Kamiya àti Togawa so iṣan àlọ ọrùn ajá mọ́ iṣan àbọ̀ kí ìṣàn lè pọ̀, wọ́n sì rí i lẹ́yìn oṣù díẹ̀ pé ihò ti fẹ̀ títí ipá ìwọ́ fi padà sún mọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ní 1986, Langille àti O'Donnell dín ìṣàn kù nínú iṣan ọrùn ehoro, ihò sì kéré sí i. Nígbà tí wọ́n bó awọ inú iṣan kúrò, ihò kò kéré mọ́ bí ìṣàn tiẹ̀ dín. Awọ inú yẹn ni etí tí iṣan fi ń gbọ́ àṣẹ.

Ìṣirò ipá méjèèjì kò le. Nínú ihò róbótó tó gùn gbọọrọ, ipá ìwọ́ ni τ = 4μQ/(πR³): μ ni bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki tó, Q ni iye ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá, R ni ìdajì ìbú ihò. Ipá ìfà ni σ = PR/h: P ni ìfúnpá, h ni nínípọn ògiri. Ẹ wo R tó wà nísàlẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́, tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ìṣàn bá di ìlọ́po méjì, tí iṣan sì fẹ́ dá ipá ìwọ́ padà sí ipò rẹ̀, ìbú rẹ̀ gbọ́dọ̀ di ìlọ́po 1.26. Bí ìṣàn bá di ìlọ́po mẹ́jọ, ìbú yóò di ìlọ́po méjì. Ògiri náà gbọ́dọ̀ nípọn tẹ̀ lé e, nítorí pé R wà lókè nínú ti ìkejì: ihò tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì lábẹ́ ìfúnpá kan náà nílò ògiri tó nípọn ní ìlọ́po méjì. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru mú ìfúnpá rẹ̀ kúrò ní 100 mmHg bọ́ sí 150, bí ihò rẹ̀ kò bá yí padà, ògiri iṣan rẹ̀ yóò nípọn ní ìlọ́po 1.5. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń mú ògiri nípọn. Kì í ṣe òun ló ń fẹ ihò. Ìdí nìyẹn tí àlàyé páìpù rọ́bà fi kùnà.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Láti 1966 tí Brescia, Cimino àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní New York ti gbé fístúlà ọrùn ọwọ́ jáde, iṣan àlọ tó wà níhà àtàǹpàkò ni wọ́n sábà máa ń lò. Ẹ mú un pé ìbú ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 2.4, pé mílílítà 30 ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà á kọjá ní ìṣẹ́jú kan, pé kíki ẹ̀jẹ̀ jẹ́ 0.0035 Pascal-ìṣẹ́jú-àáyá. Ipá ìwọ́ tó wà níbẹ̀ jẹ́ 1.3 Pascal. Èyí ni a ó pè ní τ₀, ìwọ̀n tí iṣan náà ti mọ́ lára. Bí wọ́n bá ti so ó mọ́ iṣan àbọ̀, ẹ̀jẹ̀ rí ọ̀nà gbà láì kọjá nínú àwọn iṣan wẹ́wẹ́ ọwọ́ mọ́, ìṣàn yóò sì fò sókè lójú ẹsẹ̀. Bó bá di mílílítà 300 ní ìṣẹ́jú kan, ipá ìwọ́ di 13 Pascal. Kí ó tó padà sí 1.3, ìbú ihò gbọ́dọ̀ di mìlímítà 5.2.

Àmọ́ ìṣirò tó rọrùn yìí ní kòtò kan tí ọ̀pọ̀ àwòṣe, ìyẹn ìṣirò tó ń ṣàfarawé iṣan, ń já sí. Ó gbà pé ìṣàn yóò dúró sójú kan nígbà tí iṣan bá ń fẹ̀. Fístúlà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí iṣan bá ṣe ń fẹ̀ ni ìdíwọ́ ń dín kù, tí ẹ̀jẹ̀ tó ń kọjá sì ń pọ̀. Bí ẹnìkan bá wá sá lọ sí òdìkejì, tó mú ìyàtọ̀ ìfúnpá láti orí iṣan dé ìdí rẹ̀ dúró sójú kan láìka ohun mìíràn sí, ipá ìwọ́ yóò di ΔP·R/(2L): ΔP ni ìyàtọ̀ ìfúnpá náà, L ni gígùn iṣan. Nínú ìyẹn, bí R bá ṣe ń pọ̀ ni ipá ìwọ́ ń pọ̀, tí ipá ìwọ́ sì tún ń mú R pọ̀ sí i. Àwòṣe náà kò ní dáwọ́ dúró láé. A ti rí iṣẹ́ tí wọ́n fi àwòrán aláràbarà gbé kalẹ̀ tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n mú dúró ní ẹnu ọ̀nà àti ẹnu àbájáde nìkan ló fún wọn ní èsì tí wọ́n rí. Ẹni tó bá ń ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ibi tí ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ nìyẹn.

Òtítọ́ wà láàárín méjèèjì. Ẹ fi ìdíwọ́ gbogbo ìyókù ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, láti òkè apá dé ojú ìsopọ̀ àti padà sí ọkàn, sínú lẹ́tà kan, Z. Nígbà náà, Q = ΔP/(Z + 8μL/(πR⁴)). Ẹ mú ΔP ní 90 mmHg, ìyẹn 12,000 Pascal, L ní sẹ̀ǹtímítà 25, Z ní 1.2 × 10⁹ Pascal-ìṣẹ́jú-àáyá fún mítà kúbíìkì kan (m³). Nọ́ńbà àpẹẹrẹ ni wọ́n, kì í ṣe ti aláìsàn kankan. Ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ìṣirò náà fún wa ní mílílítà 317 ní ìṣẹ́jú kan àti ipá ìwọ́ 13.6 Pascal. Bí iṣan bá fẹ̀ títí ipá ìwọ́ fi padà sí 1.3, ìdajì ìbú rẹ̀ yóò jẹ́ mìlímítà 3.23, ìṣàn yóò sì jẹ́ mílílítà 590. Ẹ fi èyí wé òfin mẹ́fà-mẹ́fà tí àwọn ilé ìwòsàn ń lò láti mọ fístúlà tó ti gbó: ìṣàn mílílítà 600 ní ìṣẹ́jú kan, ìbú mìlímítà 6, kí ó má jìn sísàlẹ̀ awọ ju mìlímítà 6 lọ, láàárín ọ̀sẹ̀ 6. Iṣan àbọ̀ tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ ni òfin yẹn ń sọ, iṣan àlọ ni àwa ṣírò, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń gba inú méjèèjì kọjá.

Ohun kan wà nínú ìṣirò yìí tí a rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ sórí. Bí ìdíwọ́ iṣan tó ń dàgbà bá ju ìlọ́po mẹ́ta Z lọ, fífẹ̀ rẹ̀ ń mú ipá ìwọ́ pọ̀ sí i. Bó bá kéré sí ìlọ́po mẹ́ta Z, fífẹ̀ rẹ̀ ń mú ipá ìwọ́ dín kù, iṣan yóò sì dúró fúnra rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, ojú ìyípadà náà bọ́ sí ìdajì ìbú mìlímítà 0.89, níbi tí ipá ìwọ́ ti ga jù lọ, bíi 16 Pascal. Nítorí náà, ojú méjì ni ipá ìwọ́ ti bá 1.3 Pascal dọ́gba. Ọ̀kan ni mìlímítà 3.23 tí a ti rí, ibi tí iṣan ń fara balẹ̀ sí. Èkejì wà ní nǹkan bíi mìlímítà 0.05, ibẹ̀ kò sì ṣe é dúró sí: iṣan tó bá kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò máa kéré sí i títí yóò fi dí, èyí tó bá tóbi jù ú lọ yóò máa dàgbà.

Mìlímítà 0.05! Kò sí dókítà tó ń so iṣan tó kéré bẹ́ẹ̀. Bí ΔP bá tiẹ̀ wálẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́wàá, ojú yẹn kò ní kọjá nǹkan bíi mìlímítà 0.6. Ohun tí òfin ipá ìwọ́ alápapọ̀ ń sọ fún wa, nígbà náà, ni pé gbogbo fístúlà ló yẹ kó gbó. Bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá mọ ilé ìfọ̀jẹ̀ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ kì í gbó. Ìdí tí wọn kì í fi í gbó kò sí nínú ìṣirò tó ń kó gbogbo iṣan pọ̀ sínú R kan ṣoṣo. Ojú ibi tí iṣan méjèèjì ti pàdé ló yẹ ká lọ wò.

Níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré ju mítà kan lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kọ́nà lójijì. Ní ìhà òde kọ́nà náà, ẹ̀jẹ̀ ń gbá ògiri. Ní ìhà inú, ó ń já kúrò lára ògiri, ó ń yí padà sẹ́yìn, ó sì ń lọ síwá sẹ́yìn pẹ̀lú lílù ọkàn. Caro àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London ti fi hàn ní 1969 pé ibi tí ipá ìwọ́ ti kéré ni ọ̀rá àti èérí ń dì mọ́ nínú iṣan àlọ, kì í ṣe ibi tó ti pọ̀. Ní 1985, Ku, Giddens, Zarins àti Glagov fi kún un nípa oríta iṣan ọrùn pé ìyípadà apá tí ipá náà dojú kọ bá nínípọn awọ inú mu. Wọ́n fi nọ́ńbà kan díwọ̀n rẹ̀ tó ń lọ láti 0, níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò ti yí padà rárá, dé 0.5, níbi tí lílọ àti bíbọ̀ ti bára wọn dọ́gba. Ibi tí ipá ìwọ́ bá ti kéré sí 0.4 Pascal, tí nọ́ńbà yìí sì ga, sẹ́ẹ̀lì inú ògiri ń pọ̀ sínú ihò, wọ́n ń dín in kù. Iṣan àbọ̀, ní sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ sí ojú ìsopọ̀, ni ibi tí fístúlà ọrùn ọwọ́ ti sábà máa ń dín. Àárín iṣan ń gba àṣẹ pé kó fẹ̀, kọ́nà rẹ̀ ń gba àṣẹ pé kó dín, nínú apá kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Bí ibẹ̀ bá sì ti dín, ìyíbìrí ẹ̀jẹ̀ yóò sún síwájú díẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi tuntun.

Ó tún burú nítorí pé ìṣàn kì í tètè tú àṣírí rẹ̀. Ẹ mú sẹ̀ǹtímítà 2 nínú iṣan tó ti gbó yẹn, kí ẹ dín ìbú rẹ̀ kù sí ìdajì. Ìdíwọ́ ibẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún, síbẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún Z. Bí a bá wo ti kíki ẹ̀jẹ̀ nìkan, ìbú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dín ní nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 kí ìṣàn tó já sí ìdajì. Ìyíbìrí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ibi tó dín ń mú un yá díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń dúró de ìgbà tí ìṣàn yóò wálẹ̀ kó tó ṣe skáànì ti pẹ́ jù. Kí wọ́n wọn ìbú ojú ìsopọ̀ fúnra rẹ̀.

Fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì wa, a fẹ́ sọ díẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kọ̀ǹpútà kò lè tẹ̀ lé gbogbo lílù ọkàn. Ọkàn tó ń lù lẹ́ẹ̀mejìléláàádọ́rin ní ìṣẹ́jú kan yóò ti lù ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Aago méjì ló wà: ti ìṣàn, tí kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan, àti ti ìdàgbà, tó jẹ́ ọjọ́. Ẹ ṣírò ìṣàn fún lílù ọkàn bíi márùn-ún, kí ẹ da àwọn àkọ́kọ́ nù nítorí pé wọn kò tíì fara balẹ̀, kí ẹ mú ti ìkẹyìn. Ẹ wá ipá ìwọ́ àti ìyípadà apá tó dojú kọ ní ojú kọ̀ọ̀kan ògiri. Ẹ sún ògiri fún ìdàgbà ọjọ́ kan, kí ẹ tún àwọ̀n ìṣirò, ìyẹn àwọn ojú wẹ́wẹ́ tí kọ̀ǹpútà pín iṣan sí, hun, kí ẹ tún ìṣàn ṣe. SimVascular àti OpenFOAM, àwọn ètò kọ̀ǹpútà, lè ṣe ti ìṣàn, wọn kò sì gba owó. Àwọ̀n náà gbọ́dọ̀ fún pọ̀ lẹ́bàá ògiri; bí ẹ bá sọ ọ́ di wẹ́wẹ́ sí i tí ipá ìwọ́ sì yí ju ìdá 5 nínú 100 lọ, kò tíì tó. Ẹ má sún ògiri pẹ̀lú ipá ìwọ́ gán-ín-gán-ín bó ṣe jáde láti inú kọ̀ǹpútà, torí àṣìṣe wẹ́wẹ́ inú àwọ̀n yóò hù di gọ̀ǹgọ̀ lára ògiri. Ẹ kọ́kọ́ pín in dọ́gba-dọ́gba láàárín ojú tó wà nítòsí ara wọn.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé τ = 4μQ/(πR³) nígbà tí ẹ bá ti dé ojú ìsopọ̀. Nínú iṣan wa tó ti gbó, nọ́ńbà Reynolds, èyí tó ń fi eré ẹ̀jẹ̀ wé kíki rẹ̀, jẹ́ nǹkan bíi 590, ẹ̀jẹ̀ sì nílò bíi sẹ̀ǹtímítà 23 kó tó ṣàn bí fọ́múlà yẹn ṣe rò. Láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fọ́múlà náà wúlò fún yíyẹ èsì kọ̀ǹpútà wò, bóyá ó sún mọ́ òtítọ́.

Òfin ìdàgbà tí ìwé pọ̀ lórí rẹ̀ ni dR/dt = kR(τ − τ₀)/τ₀: dR/dt ni bí R ṣe ń pọ̀ sí i lójúmọ́, k ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ìdàgbà ṣe yá tó. Ó dára nígbà tí τ kò bá jìnnà sí τ₀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ fístúlà, τ ju ìlọ́po mẹ́wàá τ₀ lọ. Bí k bá jẹ́ 0.024 lójúmọ́, òfin yìí yóò ní kí iṣan fẹ̀ ní ìdá 23 nínú 100 láàárín ọjọ́ kan. Kò sí sẹ́ẹ̀lì tó lè mọ ògiri kíá bẹ́ẹ̀. Èyí tí a fara mọ́ ni dR/dt = kR ln(τ/τ₀). Pẹ̀lú k kan náà, ọjọ́ àkọ́kọ́ kò ju bíi ìdá 6 nínú 100 lọ, bí ìṣàn bá sì dúró sójú kan, ìdá 5 péré nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ náà ni yóò ṣẹ́ kù lẹ́yìn ọjọ́ 42. Ìgbésẹ̀ ọjọ́ kan-kan kò léwu. Bí ìgbésẹ̀ bá ju ọjọ́ 14 lọ, R yóò bẹ̀rẹ̀ sí fò kọjá ibi tó ń lọ. Bó bá ju ọjọ́ 28 lọ, ìṣirò yóò tú ká pátápátá. Ohun kan tún wà: láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, awọ inú iṣan ń tú nitric oxide jáde, iṣu ẹran inú ògiri á sì dẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìdàgbà. Ẹni tó bá kà á mọ́ ìdàgbà yóò gba k tó ga ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo ìsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ yóò sì yá jù.

Ní ti ohun tí ògiri fi ń dàgbà, ilé ẹ̀kọ́ méjì ló wà. Rodriguez, Hoger àti McCulloch, ní 1994, pín ìyípadà ara sí apá méjì, ti ìdàgbà àti ti nínà, kí wọ́n tó sọ wọ́n di púpọ̀ pọ̀. Humphrey àti Rajagopal, ní 2002, ní kí a máa ka èròjà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n fi í sí i àti bó ṣe nà tó lọ́jọ́ náà. Ti àkọ́kọ́ kò gba agbára kọ̀ǹpútà púpọ̀. Fún fístúlà, àwa gbà pé ti ìkejì ló sún mọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, nítorí pé èròjà ògiri kì í gbó lójú kan náà: ìdajì kọ́lájìn, okùn líle inú ògiri, ń lọ, tí tuntun sì ń rọ́pò rẹ̀, láàárín bí oṣù méjì sí mẹ́ta, nígbà tí ẹlásítìn, okùn tó ń nà tó sì ń padà, tí a ti ní láti kékeré ń wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí àgbàlagbà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe òmíràn. Iṣan tó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ti já ẹlásítìn rẹ̀. Kọ́lájìn ló gba iṣẹ́ náà, ìdí sì nìyẹn tí fístúlà tó ti gbó kì í fi í rọ̀ bí iṣan àlọ tí wọ́n ti inú rẹ̀ dá a. Ní ti ẹni tí àtọ̀gbẹ ti sọ ògiri iṣan rẹ̀ di líle bí eegun, kò sí k tó lè fẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù lọ kò sí nínú kọ̀ǹpútà rárá. Inú yàrá skáànì ló wà. Mìlímítà 0.2 tí a bá fi dín nínú ìbú 2.4 ń fi ìdá 30 nínú 100 kún ipá ìwọ́, nítorí R³ yẹn. Títẹ ẹ̀rọ mọ́ iṣan àbọ̀ ń sọ ihò rẹ̀ di pẹlẹbẹ. Amúlétutù tó le ń mú iṣan sún kì. Ní Doppler, ẹ̀rọ tó ń fi ìró wọn eré ẹ̀jẹ̀, bí igun láàárín ìró náà àti ìṣàn bá jẹ́ ìwọ̀n 60 tí a sì ṣì í mú pẹ̀lú ìwọ̀n 5 péré, àṣìṣe nínú eré ẹ̀jẹ̀ lè tó ìdá 18 nínú 100. Igun tó bá ju 60 lọ, ẹ má lò ó. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn PCV, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀. Aláìsàn kíndìnrín sábà máa ń ní PCV tó wálẹ̀, bíi 25 dípò 45. Kíki ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 0.0022 sí 0.0025, ipá ìwọ́ lábẹ́ ìṣàn kan náà á sì wálẹ̀ ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Síbẹ̀, 0.0035 inú ìwé ni wọ́n ń fi sí i. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti fa omi jáde lára rẹ̀, PCV ń gòkè, ìfúnpá sì ń wálẹ̀. Ohun tí wọ́n bá wọ̀n lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe ohun tí iṣan rẹ̀ ń rí láti ọjọ́ dé ọjọ́.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ wa ló ṣì ń lo rọ́bà tí wọ́n kì bọ iṣan ọrùn, pẹ̀lú gbogbo kòkòrò tó ń gba ibẹ̀ wọlé. Fún ẹni tó bá rí fístúlà ṣe, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá wa fi í sójú ìwé yín pé ohun tó bá dí ìṣàn ń dí ìdàgbà. Kí wọ́n má ṣe wọn ìfúnpá ní apá náà, kí wọ́n má fi apá náà ṣe ìrọ̀rí, kí wọ́n má wọ aṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ fún tàbí aago tó há. Kí aláìsàn máa fọwọ́ kàn án láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Bó bá ṣe pé kò gbọ̀n mọ́ lábẹ́ ọwọ́, kó gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà, kó má dúró de ọjọ́ fífọ ẹ̀jẹ̀ tó kàn.

Sí àwọn ilé ìwòsàn tó ń ṣe fístúlà, nọ́ńbà mẹ́fà péré la ń tọrọ nípa aláìsàn kọ̀ọ̀kan, láìsí orúkọ rẹ̀: ìbú iṣan àlọ, ìbú iṣan àbọ̀, ìbú ojú ìsopọ̀, ìṣàn, ìfúnpá ní apá kejì, àti PCV. Kí wọ́n gbà wọ́n ṣáájú iṣẹ́ abẹ, ní ọjọ́ kejì, ní ọ̀sẹ̀ kejì àti ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ní yàrá kan náà, kí ọwọ́ ẹni kan náà sì wọ̀n ọ́n bó bá ṣeé ṣe. Ti ọjọ́ kejì ni wọn kò gbọdọ̀ fò, nítorí pé òun ló máa ya dídẹ̀ iṣan sọ́tọ̀ kúrò lára ìdàgbà rẹ̀.

Àwa òǹkàwé yín tó ń ṣe ìṣirò ìṣàn ẹ̀jẹ̀,
Ìbàdàn